Ohun Tí Ọmọ Mi Rí Lókè Ewékorò

Mo kórìíra ojú ọ̀run tó bá mọ́ kedere. Àwọn ẹlòmíràn á jí, wọn á gbójú sókè, wọn á ní ojú ọjọ́ mà dáa lónìí o. Èmi á gbójú sókè, inú á bí mi. Tí ìkùukùu bá wà níbẹ̀, mo lè sọ pé ìkùukùu ni mò ń wò. Èyí tó mọ́ láìsí àbàwọ́n yẹn ni mi ò fọkàn tán, nítorí inú irú ẹ̀ ni ọmọ mi ti rí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ẹni tó bá kà á dé ìparí á mọ ìdí ẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ìwọ̀n ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan lápá Ewékorò. Tírélà á gun orí ìwọ̀n lófìfo, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Á lọ kó ẹrù, á padà wá gùn ún, màá tún kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ẹrù. Kò sí "ó máa tó báyìí" nínú iṣẹ́ yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo parí, mi ò lọ kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnjiníà tó rí àṣìṣe tọ́ka sí nínú ìwé mi. Mi ò fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo rí. Tí òjò bá rọ̀ tí ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òjò rọ̀, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, màá sì kọ wákàtí tó bẹ̀rẹ̀ àti wákàtí tó parí.

Bí mo ṣe tọ́ ọmọ mi náà nìyẹn. Ọmọbìnrin ni, òun nìkan ni èmi àti ìyá ẹ̀ bí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tó bá ti ilé ìwé dé, màá bi í pé aago mélòó ni wọ́n jáde, ta ló bá rìn, ibo gan-an ni wọ́n ti sọdá títì. Tó bá ní "mi ò mọ̀," màá ní, "Mi ò bi ọ́ pé kí lo mọ̀. Kí lo rí?" Ìyá ẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ ni mo bí, mi ò bí ẹlẹ́rìí ilé ẹjọ́.

Ọjọ́ tó sọ fún wa pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú, mi ò jẹ oúnjẹ alẹ́. Mo ti rí ohun tí ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ ń fojú ènìyàn rí lójú ọ̀nà Ìtòrí. Tírélà tó ní táyà méjìlélógún, tó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣubú. Wọ́n wá ní kí n gba ohun tí táyà ẹ̀ ò kan ilẹ̀ gbọ́. Ìyá ẹ̀ ló bẹ̀ mí. Mo jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n mo ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbéra, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, màá kọ wákàtí. Tí wọ́n bá balẹ̀, á tún fi òmíràn ránṣẹ́, màá kọ ìyẹn náà. Láàárín méjèèjì, mi ò kì í lè jókòó.

Igbá-kejì awakọ̀ ni, èyí tó máa ń jókòó lápá ọ̀tún ọ̀gá. Ọkọ̀ kékeré ni ilé iṣẹ́ wọn ń lò, ó ń gbé èrò láti Àbújá lọ sí Èkó. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ọjọ́bọ̀ ni, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, oòrùn sì ti yọ lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n gbéra ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n. Mo kọ ọ́. Ó yẹ kí wọ́n ti balẹ̀ kí aago márùn-ún tó lù. Aago márùn-ún lù, fóònù mi ò dún. Ìyá ẹ̀ ní kí n yé máa rìn káàkiri pálọ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n tì mọ́lé. Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: "A ti balẹ̀." Kò sí "Dádì" níbẹ̀, kò sí àwòrán ẹ̀rín tó máa ń fi sídìí ẹ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan ṣe.

Ó wá sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé. Ó jẹun tán, ó bá mi lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé.

"Dádì, mo rí nǹkan lókè."

"Irú nǹkan wo?"

"Mi ò mọ̀."

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó fi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Màá sọ ohun tí mo rí."

Ó sọ ọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ní àwọn ti ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ẹsẹ̀ bàtà. Mo ní nǹkan bí? Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé ọgọ́rùn-ún méjì. Òun ń wo èéfín ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí mo ti ṣiṣẹ́, nítorí òun máa ń wò ó nígbàkígbà tí àwọn bá kọjá níbẹ̀. Èéfín náà ń tẹ̀ sí ìlà-oòrùn, nítorí náà afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Lókè èéfín náà, ohun kan wà tí kò mì. Kò ní apá, kò ní ìrù, kò ní iná. Àwọ̀ ẹ̀ dà bí ìdérí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yanrìn fọ̀. Tí òun bá na ọwọ́ síwájú, èékánná àtàǹpàkò òun ló máa bò ó. Òun bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Òun ka ení títí dé mọ́kàndínlógún, lẹ́yìn náà ni nǹkan náà lọ sókè tààrà, kò yí, kò fi ibì kankan ṣáájú, kò sì kéré díẹ̀díẹ̀ bí ohun tó ń jìnnà ṣe ń kéré. Ó wà níbẹ̀, kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

"Ọ̀gá ẹ ńkọ́?"

"Mo bi wọ́n. Mo ní, 'Sà, ṣé ẹ rí i?' Wọ́n fa ohun tá a fi ń dí oòrùn wálẹ̀, wọ́n ní, 'Ka ohun tó kàn.'"

Ìwé kan wà tí igbá-kejì máa ń kà sókè kí ọkọ̀ tó balẹ̀, táyà, iná, gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá máa dáhùn. Ó kà á. Wọ́n balẹ̀. Nígbà tí èrò ti sọ̀ tán, ọ̀gá náà, tí irun ẹ̀ ti funfun, gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo kọ́kọ́ rí tèmi. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, àbí kò sí?" Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Ó yé ọmọ mi dáadáa. Àṣà wọn nìyẹn. Ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ lẹ́yìn ìrìn àjò, àyè kan wà fún ohunkóhun mìíràn tí wọ́n bá rí. Gbogbo wọn á fa ìlà gbọọrọ sí i, wọn á lọ sílé. Ọmọ mi dúró ní ọ́fíìsì, ó kọ gbogbo ẹ̀, títí kan èékánná àtàǹpàkò. Ìdí tí àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀ fi pẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí débi tí mo fi di etí bẹ́ǹṣì mú. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ó kọ ọ́. Mi ò lè purọ́ nípa ìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì tó kọ ọ́, ẹni tó ń darí wọn l'Ékòó pè é, ó ní kó kọ fọ́ọ̀mù mìíràn, kó fa ìlà sí àyè yẹn. Ó ní òun ò lè ṣe é. Ọkùnrin náà wò ó, ó ju fọ́ọ̀mù náà sínú dúróà, ó ní kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá kú sí. Èmi ni mo jókòó sí Abẹ́òkúta tí mo lọ ṣí dúróà náà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé mo fẹ́ dúpẹ́. Nínú ìjọ Áńgílíkà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ á kọ ìdí ẹ̀ sínú ìwé pélébé, akọ̀wé ìjọ á kà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìdílé náà á wá jó lọ síwájú pẹpẹ. Ìlà kan ni gbogbo ayé ń kọ. Wọ́n dúpẹ́ fún ààbò. Wọ́n dúpẹ́ fún ìmúláradá. Ìyá ọmọ mi ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ kọ 'ààbò lójú ọ̀nà', ó ti tó."

Mo ní, "Kì í ṣe ojú ọ̀nà ló wà."

"Ẹ kọ 'ààbò lókè' nígbà náà."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kórìíra irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tí Ọlọ́run bá gba ọmọ ẹni lọ́wọ́ nǹkan, ó yẹ kí ènìyàn sọ ohun tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mú ojú ewé kan gbáko. Mo kọ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn, ibi tí ọkọ̀ ti gbéra, ibi tó ń lọ, ọjọ́, wákàtí, bí wọ́n ṣe ga tó, àwọ̀ nǹkan náà, iye tí ọmọ mi kà. Mo ká a, mo fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ fún ọmọ náà. Mo rò pé á wú u lórí.

Akọ̀wé ìjọ wa fẹ́ràn ohùn ara ẹ̀. Ó kà á bí ẹni ń ka ìròyìn. Nígbà tó dé ibi "ohun kan tí a kò mọ̀, ní òfurufú lókè Ewékorò," àwọn tó wà níwájú yíjú wò wá. Nígbà tó dé ibi ìdérí ìkòkò, àwọn ẹgbẹ́ akọrin ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni gbogbo apá òsì ilé ìjọsìn. Obìnrin kan kígbe "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi, tí mo mọ ohùn ẹ̀ dáadáa tí mi ò sì tíì kí títí di òní, sọ pé, "Ìdérí rèé. Ìkòkò ẹ̀ wá dà?"

Wọ́n lu dùùrù. A ní láti jó. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti jó rí láàárín àwọn tó ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà láti ìjókòó wa dé pẹpẹ jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Ọmọ mi gbórí sókè, ó ń jó, ó sì fi èékánná gún mi lápá.

"Dádì, kí lẹ kọ?"

"Ohun tó o sọ fún mi ni."

"Ẹ dárúkọ ilé iṣẹ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wà."

"Ha, Dádì." Ó jó lọ síwájú, ó fi mí sílẹ̀.

Ẹnì kan ti ya gbogbo ẹ̀ sórí fóònù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Túsìdé, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọn ò mọ Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sára fídíò náà: "Páílọ́ọ̀tì pàdé àjẹ́ l'Ewékorò." Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, ilé iṣẹ́ ẹ̀ pè é pé àwọn èrò ti ń béèrè bóyá òun ló máa wa ọkọ̀ àwọn. Kó dúró sílé. Dọ́kítà ọpọlọ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tún fọwọ́ kan ọkọ̀.

Mo gba ilé akọ̀wé lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ń jẹ àgbàdo níwájú ilé. Ó kí mi, mi ò dáhùn.

Mo ní, "Ẹ ò lè fo ibì kan níbẹ̀ ni? Ẹ ò lójú?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, èmi kàn kà á ni. Ta ló bá wa jà nípàdé ìjọ pé kí n máa ka ìwé bó ṣe wà, kí n yé máa gé e? Ṣé èmi ni?"

Èmi ni. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Ó ju ṣùkù àgbàdo dànù. "Ẹlòmíràn á kọ ìwé sí Ọlọ́run. Ẹ̀yin kọ sítéètìméǹtì ọlọ́pàá. Ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn ní téṣàn."

Mi ò padà sí ṣọ́ọ̀ṣì náà fún oṣù mẹ́ta. Tí mo bá sọ pé mo ti dárí jì í, irọ́ ni.

Dọ́kítà yẹ ọmọ mi wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ ẹ̀. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ẹni tó ń darí wọn ní, ó dáa, tí ọpọlọ ẹ bá pé, a jẹ́ pé o mọ ohun tó ò ń ṣe nígbà tó o kọ ìranù. Ó gbé ìwé kan síwájú ẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, pé oòrùn ló tàn sára gíláàsì fèrèsé, pé òun ò rí ohunkóhun lóde, pé òun kábàámọ̀. Kó fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kí ẹlòmíràn gba ìjókòó ẹ̀.

Ó gbé ìwé náà wálé. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Dádì, kí ni kí n ṣe?"

Mo ní, "Má fọwọ́ sí i. O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irọ́."

Mo sọ fún un nípa ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ mi tó ní kí n dín ìwọ̀n tírélà kan kù nínú ìwé, àti bí mo ṣe kọ̀. Mo sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ń fetí sílẹ̀, ó ń fi ìka yí etí ìwé náà. Nígbà tó wọ yàrá lọ, ìyá ẹ̀, tó ti ń ṣa ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, gbé abọ́ sílẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ ti sanra."

"Kí ló dé?"

"Láti ọjọ́ tó ti wà nílé. Ẹ ń jẹun tán. Ẹ ń sùn. Ìwé ẹlẹ́yìn líle yín ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, eruku ti bò ó. Ẹ má fi òtítọ́ bojú. Inú yín dùn pé ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nílẹ̀."

Mo bínú sí i. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ nípa àwọn ará ilé wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ wo ìwé náà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, eruku wà lórí ẹ̀ lóòótọ́.

Bóyá ìyẹn ló lé mi jáde. Mo fẹ́ ṣe ohun kan tí kì í ṣe ti ẹ̀rù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò ní Láfẹ́nwá, mo sọ̀ ní Ìtòrí, mo sì fẹsẹ̀ rìn wọ àwọn abúlé tó wà láàárín ibẹ̀ àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Tí nǹkan kan bá dúró lójú ọ̀run lójúmọmọ, ẹnì kan lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i. Mo mú ìwé àti bírò lọ́wọ́. Agbo ilé mẹ́fà ni mo kọ́kọ́ yà. Ní méjì wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ti rí fídíò náà. Ní ọ̀kan wọ́n tú ajá sí mi.

Nínú èkeje, ìyá arúgbó kan ń sá láfún sórí àpáta. Ojúbọ kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọn tí wọ́n fi aṣọ funfun yí ká. Mo gbójú kúrò níbẹ̀, mo kí i. Ó wo bírò ọwọ́ mi kó tó wo ojú mi.

"Ṣé ilé iṣẹ́ ló rán ẹ?"

"Rárá, mà. Mo ti fẹ̀yìn tì."

"O ti fẹ̀yìn tì. Eruku yín ò tíì fẹ̀yìn tì o. Wo láfún mi. Ṣé láfún nìyí àbí sìmẹ́ǹtì?"

Mo tọrọ gáfárà. Mo sọ ìdí tí mo fi wá, mo sọ ọjọ́ àti wákàtí. Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ láfún nìṣó. Mo rò pé kò gbọ́ mi.

Ó ní, "Èyí tó dà bí abọ́ yẹn?"

"Ẹ rí i, mà?"

"Mo rí i. Òjò ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n pẹ́ kí n tó sá láfún. Mo gbójú sókè wò bóyá òmíràn ń bọ̀. Ó dúró sókè èéfín yín níbẹ̀ yẹn." Ó nawọ́. Ibi tí ó nawọ́ sí gan-an ni ọmọ mi sọ.

"Kí lẹ wá ṣe, mà?"

"Kí ni ǹ bá ṣe? Mo yí láfún mi."

Mo ṣí ìwé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ ohun tó sọ, kó fi orúkọ sí i tàbí kó tẹ̀ka, nítorí iṣẹ́ ọmọ mi ti fẹ́ bọ́. Ojú ẹ̀ le.

"Ẹni tó kọ́kọ́ wá síbí pẹ̀lú ìwé, orúkọ bàbá mi ló kọ. Ó ní kí wọ́n kàn tẹ̀ka. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta yẹn, oko wa ni. Ìwọ náà wá kọ tèmi báyìí. Kí wọ́n lè wá gba ojú ọ̀run náà, àbí?"

"Ọmọ mi ni, mà. Ọ̀kan ṣoṣo ni."

"Mo gbọ́. Sọ fún un pé mo rí i. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, ẹnu ni kó o fi gbé e lọ. Gbé ìwé ẹ kúrò lórí àpáta mi."

Mo padà sílé láìkọ nǹkan kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ọmọ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá arúgbó ti nawọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Èjìká ẹ̀ ń mì. Mi ò mọ̀ pé láti ọjọ́ yìí wá, òun fúnra ẹ̀ ti ń ṣiyè méjì. Dọ́kítà ti sọ fún un pé ó gbádùn, ó ṣì ń bi ara ẹ̀. Mo rò pé á nu ojú ẹ̀, á ní ká lọ bá wọn jà.

Ó nu ojú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi mú bírò yẹn."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fọwọ́ sí i."

"Lẹ́yìn ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán? Ẹlẹ́rìí wà!"

"Ìdí tí mo fi lè fọwọ́ sí i nìyẹn. Tí mi ò bá mọ̀, mi ò ní lè ṣe é. Ní báyìí mo mọ̀. Wọ́n lè kọ ohunkóhun tó bá wù wọ́n sínú ìwé wọn."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní mi ò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo ní tó bá fọwọ́ sí i, kó má fi àtẹ̀jíṣẹ́ kankan ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ìyá ẹ̀ pariwo orúkọ mi láti ilé ìdáná.

Ọmọ náà ò pariwo. Ó ní, "Dádì, ẹ ní nítorí òtítọ́ lẹ ṣe ní kí n má fọwọ́ sí i. Irọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù ló ń bà yín. Ó ti ń bà yín láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ̀ ń bi mí níbi tí mo ti sọdá títì. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iṣẹ́ mi san gbèsè ẹ̀rù yín." Ó mú bírò fúnra ẹ̀ nínú àpò àyà mi, ó fọwọ́ sí i, ó dá bírò padà síbi tó ti mú un.

Wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ fún ara mi pé mi ò ní gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle kalẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà, fóònù dún. "A gbéra." Mo gbé ìwé kalẹ̀, mo nù ún, mo kọ wákàtí. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi ń ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ní lílọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní bíbọ̀. Kò pè mí. Èmi náà ò pè é. Ìyá ẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ó sì ń ti ilẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní Láfẹ́nwá lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe. Ó ti ṣí ìdí aago ọwọ́ mi, ó ń wá bátìrì tó bá a mu. Fóònù mi dún. Kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́. Òun ló ń pè.

"Dádì."

"O ti balẹ̀?"

"Mo ti balẹ̀. Mo wà nínú ọkọ̀, èrò ti sọ̀ tán." Mo gbọ́ tó pa ilẹ̀kùn dé. "Mo tún rí i."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì aláago láìtọrọ àyè. "Níbo?"

"Ibẹ̀ náà ni. Ọ̀gá ọjọ́sí náà la jọ wà. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n ka ohun tó kàn."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo kà á."

Gbogbo ìbéèrè ló wà lẹ́nu mi: bó ṣe tóbi tó, iye tó kà, ibi tí èéfín tẹ̀ sí. Mo gbé wọn mì.

Mo ní, "O ṣe é dáadáa, ìyá mi."

"Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ o, Dádì."

"Kò sí bírò lọ́wọ́ mi," ni mo wí. Bírò wà nínú àpò àyà mi. Aláago gbójú sókè, ó wò ó, ó wò mí, ó tún tẹrí ba sórí iṣẹ́ ẹ̀.

Nígbà tí mo dé ìta, ojú ọ̀run ẹlẹ́tàn yẹn mọ́ kedere. Mo wò ó títí ọrùn fi dùn mí. Mo délé, mo ṣí ìwé. Mo kọ wákàtí tí wọ́n gbéra, mo kọ wákàtí tí wọ́n balẹ̀. Sí àárín wọn, mo fa ìlà gbọọrọ kan, bí àwọn awakọ̀ òfurufú ṣe ń fà á.